Ẹni Tó Máàkì Ìtàn Aríran

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àmójútó Màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la mọ ẹni tó ń mójú tó ẹnì kejì. Ara mi le. Òtútù ibí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Tí mo bá wọ ẹ̀wù mi tán láàárọ̀, ẹ̀yin tí ẹ bí mi gan-an kò ní dá mi mọ̀.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Iléeṣẹ́ wa yóò pé ọdún mẹ́wàá láìpẹ́, wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ìtàn rẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ọ́. Kí ẹ tó pe àdúgbò jọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi yàn mí: èmi nìkan ni mò ń fi kọ́mà síbi tó yẹ nínú ímeèlì. Iṣẹ́ olùkọ́ yín ló fà á.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, mo gbọ́ tí ẹ ń sọ fún Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì pé èmi ni mò ń darí àwọsánmà. Bàbá, kò sẹ́ni tó ń darí àwọsánmà. Sọ́fúwíà là ń tà. Àwọn oníṣòwò fi ń ṣètò ọjà wọn àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Dípò kó wà nínú kọ̀ǹpútà tiwọn, inú àwọn ẹ̀rọ ńlá tó wà lọ́nà jíjìn ló wà, kí wọ́n lè ṣí i níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àwọsánmà. Mo ti dé ibẹ̀ rí. Ilé gbọọrọ kan ni, kò ní fèrèsé, ariwo fáànù sì ń di èèyàn létí. Ní tèmi, tábìlì tí mo jókòó sí kọjú sí ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé, iṣẹ́ ìdarí kan ṣoṣo tí mo sì ń ṣe ni kí n darí àwọn tó bá fẹ́ lò ó sí ibi tí ìwé wà.

Ẹni tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ là ń pè ní Aríran. A ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó wá gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ni yẹ̀yẹ́ bá bàjẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ àti orí kìíní. Èmi ni mo kọ ìyókù bó ṣe ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi kà á. Líǹkì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Ẹ kàn fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò ṣí lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ránṣẹ́. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ sọ fún mi.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù nìyí. Ìwé ìgbélùú mi yóò parí ní ìparí oṣù Kẹta. Aríran ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé iléeṣẹ́ ṣì nílò mi. Bí ìtàn yìí bá wù ú, ó parí. Bí kò bá wù ú, kí Màmá máa kó àpótí wọn kúrò nínú yàrá mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì

Ọmọ mi àtàtà,

O kú iṣẹ́, o kú òtútù. Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á fún Màmá rẹ; ó ní òun kò ní kó àpótí kankan, kí o lọ kọ ìtàn ọkùnrin náà kó dùn mọ́ ọn. Èmi wá sọ fún un pé ìtàn kì í ṣe ọbẹ̀. Ó wò mí, ó ní èwo nínú méjèèjì ni mo ti sè rí.

O ṣeun fún kọ̀ǹpútà. Mo ti fi ṣe ìjókòó ìwé ìròyìn látìgbà tó ti dé, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo ṣí i. Mo tẹ líǹkì. Ìtàn náà yọ lóòótọ́. Mo gbé awò mi wọ̀, mo ní kí wọ́n má ṣe pè mí jẹun, mo bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé n kò kàn kà á lásán. Mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ìwé náà gba èèyàn láyè láti kọ nǹkan sí, mo sì wá ibi tí wọ́n ti ń yí àwọ̀ padà, mo sọ tèmi di pupa. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣì ń yún mi bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti máàkì nǹkan gbẹ̀yìn, bí a bá yọ ìwé ìpè ìpàdé tí Akọ̀wé ń kọ kúrò. Èdè tí wọ́n fi kọ ìtàn náà ni mo fi kọ tèmi pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí a bá fi èdè kan kọ, èdè yẹn náà la fi ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ọ̀gá rẹ ní lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, òun dúró lórí òkè, òun gbójú sókè, àwọsánmà sì bá òun sọ̀rọ̀. Mo kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: «Kí ló sọ? Ta ló gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ? Ṣé kì í ṣe yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe lẹ ti bẹ̀rẹ̀, tí ìró òòlù kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ara yín, kí a má tíì sọ àwọsánmà?» Níbi tó ti sọ pé láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti mọ̀ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ ni ọkàn iṣẹ́ ajé, mo rántí ohun tí o sọ fún mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀: àwọn onígbàjámọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe sọ́fúwíà náà fún, kí oníbàárà lè máa mọ ìgbà tí yóò kan òun, àwọn onígbàjámọ̀ kò rà á, àwọn mélòó kan tó rà á kò lo nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi kọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń ṣírò owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. «Àwọn onígbàjámọ̀ ló rí ìran. Ìwọ lo kàn tẹ̀ lé wọn.»

Ibi tó bí mi nínú jù ni ibi tó ní ẹ̀rọ wọn kò dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Mo fa ìlà méjì sí i nídìí. Mo kọ pé: «Irọ́ ni. Ó dákẹ́ ní ìparí oṣù kan, nígbà tí òṣìṣẹ́ àwọn oníbàárà yín ń retí owó wọn. Ọmọ mi ló ń gbé fóònù, tí wọ́n ń bú u láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó fi lọ jókòó sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì tó ń sunkún. Níbo ni ìwọ wà? Ìwọ pa fóònù tìrẹ.»

Lápapọ̀, mo fún orí kìíní ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Mo kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: «Òǹkọ̀wé yìí fẹ́ràn ara rẹ̀ ju òǹkàwé rẹ̀ lọ. Wá rí mi.» Orí tìrẹ gba mẹ́fà, má bínú, ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀ jù, ibi tí ìyẹn sì ti wá kò fara sin.

Ìwé náà lẹ́wà púpọ̀. Wọ́n fi àwọn ohun róbótó kéékèèké ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ lókè, oríṣiríṣi àwọ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú olúkúlùkù wọn. Wọ́n ń yọ, wọ́n ń wọlé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, méjì ni wọ́n. Nígbà tí mo parí, wọ́n ti kún òkè ìwé náà. Ọ̀kan nínú wọn tó ní àwọ̀ wúrà dúró síbi òkè àti àwọsánmà fún ìgbà pípẹ́, kò mira. Màmá rẹ ní ó dà bí ẹni tó ń kàwé. Mo ní ọ̀ṣọ́ ni.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejì

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nǹkan kan mọ́. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà dé. Ẹ gbé ìwé ìròyìn padà lé e.

Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Èèyàn ni wọ́n. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn: ìwé kan ṣoṣo ló wà, gbogbo wa la ń wo ọ̀kan yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ nínú pálọ̀ yín, bí ẹ bá ṣe ń kọ ọ́ ni à ń rí i níbí, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. A rí ibi tí ẹ ti kọ «òmùgọ̀» tí ẹ sì tún pa á rẹ́. Àwọn oníṣirò owó rí i. Àwọn tó ń tajà rí i. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan wà tí wọ́n fẹ́ rà wá, tí Aríran ti fún ní àyè láti máa wo ìtàn náà. Àwọn náà rí i.

Aláwọ̀ wúrà yẹn ni Aríran.

Wọ́n ń pè mí. N ó kọ̀wé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

O kú ìnira. N kò mọ bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, èmi tí mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà.

Mo ka tìrẹ lórí ìdúró, mo tún kà á lórí ìjókòó. Màmá rẹ kò sọ nǹkan kan ju «Ọ̀ṣọ́» lọ. Ó sọ ọ́ lójú oúnjẹ, ó tún sọ ọ́ nígbà tó ń ká aṣọ.

Mo ní láti sọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìwé yẹn ṣe rí, ó ṣeé ṣe kí o ti rí i. Mo padà lọ síbẹ̀ láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. N kò rí ohun tí wọ́n fi ń pa á rẹ́. Mo wá rò ó pé ọmọlúwàbí tó bá ṣẹ èèyàn níwájú ogunlọ́gọ̀, níwájú ogunlọ́gọ̀ náà ló yẹ kó ti tọrọ àforíjì. Ni mo bá kọ ọ́ sókè pátápátá, lókè àkọlé: «Ẹ̀yin ènìyàn iyì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ohun tí mo fi pupa kọ sísàlẹ̀.» Mo fi pupa kọ ọ́.

Àwọn róbótó náà tún pọ̀ sí i. Mo kí wọn, mo pa á dé.

Kọ̀wé sí mi. Bú mi bí o bá fẹ́.

Bàbá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. A kò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ. Mo pe fóònù rẹ, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ dí. Ọwọ́ tèmi náà dí. Láàárọ̀ yìí mo to ìwé mi sórí pẹpẹ, mo kó wọn sílẹ̀, mo tún wọn tò.

Akọ̀wé wá kí mi. Ó béèrè bí ọmọ wa tó ń darí àwọsánmà ṣe ń ṣe. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń darí àwọsánmà. Ó ní ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni mo sọ yẹn, ó lọ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láti fi ṣí ìpàdé. Ohun tí ojú mi ń rí nìyẹn.

Mo fẹ́ bá ọ wí díẹ̀. Ó yẹ kí o ti sọ fún mi pé ìta gbangba ni mo jókòó sí tí mo ń sọ̀rọ̀ ilé. Ìlẹ̀kùn lo fi hàn mí, o kò sọ fún mi pé ọjà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Màmá rẹ ní kí n pa ìlà yẹn rẹ́, pé ẹni tó jẹ̀bi kì í pín ẹ̀bi. Mo fi sílẹ̀ kí o lè rí i pé mo gbọ́ tirẹ̀.

Ṣé o jẹun? Ṣé o ṣì ń lọ síbi iṣẹ́?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Ẹ̀rín pọ̀ nínú lẹ́tà mi tó kọjá. Kò sí nínú èyí.

Bí wọ́n bá ti lé ọ, sọ fún wa. Màmá rẹ ti kó àpótí rẹ̀ kúrò nínú yàrá rẹ. Kò sọ fún mi. Mo kàn kọjá níbẹ̀ ni mo rí i pé ibẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú àìgbọ́-ohùn. Ẹ bá mi bẹ Màmá. Wọn ò tíì lé mi. Ojú ló ń tì mí, inú sì ń bí mi pẹ̀lú, n kò sì fẹ́ fi ìbínú kọ̀wé sí ẹni tí yóò máàkì ìbínú náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ní ọjọ́ tí ẹ kọ ìkọkúkọ yẹn, iṣẹ́ dúró ní ọ́fíìsì wa. Kálukú ń wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ mọ onímọ̀ ẹ̀rọ wa tí mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí à ń pè ní Kò-Séwu nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kí gbogbo nǹkan tó bàjẹ́. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ibi «Wá rí mi» ni. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ àwọn onígbàjámọ̀ jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń pọnmi. Àwọn tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ ń kí mi, wọ́n ń béèrè ìgbà tí bàbá mi yóò tún kàwé.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún ka ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ìyẹn fún. Mo pè yín lọ́jọ́ yẹn nítorí pé mo nílò ẹni tí yóò gbọ́ tí kò ní sọ. Ní báyìí, bí mo bá dìde lórí àga mi láti lọ síbẹ̀, àwọn kan a wolẹ̀. Ẹlẹ́yinjú àánú kan ti gbé páálí áńkáṣíìfù sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ìyókù kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Aríran pè mí. Kò pariwo. Ó ní àwọn tó fẹ́ rà wá ti ń béèrè nípa ẹ̀rọ tó dákẹ́, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Ó fẹ́ nǹkan méjì: kí n jẹ́ kí ìtàn wà bí òun ṣe sọ ọ́, kí n sì fi orúkọ mi sí i; èkejì, kí ẹ̀yin náà kọ ìwé, kí ẹ fọwọ́ sí i, pé arúgbó ni yín, pé ohun tí ẹ kà kò yé yín. Òun yóò fi han àwọn olùrà. Lọ́jọ́ tí ìwé yẹn bá dé ọwọ́ òun, òun yóò fọwọ́ sí tèmi.

N kò pàṣẹ fún yín. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá mò ń tọrọ rẹ̀. Mo kàn ń sọ ohun tó sọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

O kú ìfaradà. Mo ti ka ibi áńkáṣíìfù yẹn ju ìyókù lọ. Fóònù lo fi sọ ọ́ fún mi, etí ni mo fi gbọ́ ọ, mo sì lọ fi ọwọ́ kọ ọ́ sójú gbogbo ayé nítorí pé mo fẹ́ kí ọkùnrin kan tí n kò rí rí mọ̀ pé mo gbọ́n. Kò sí ohun tí mo lè fi gbe ara mi níbẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ó mú kí o má sọ ti inú rẹ fún mi mọ́. Bí o bá fẹ́, máa sọ ọ́ fún Màmá rẹ. Òun kò ní kọ̀ǹpútà.

Ìwé tí ọ̀gá rẹ fẹ́ nìyí. Mo fi èdè wọn kọ èyí tí mo fọwọ́ sí, mo kàn tún un kọ síbí kí o lè rí i pé mo ṣe é dáadáa:

«Sí Olùdásílẹ̀ iléeṣẹ́. Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ń fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ sọ pé ìtàn yín tí mo dá sí kò yé mi. Ojú mi ti ń ṣú, etí mi pẹ̀lú ti ń tẹ̀ lé e. Mo máa ń ka ohun kan kí n rántí òmíràn. Ohun tí mo kọ nípa ẹ̀rọ tó dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ibòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì lè jẹ́ pé mo sùn lọ lórí àga ni. Ọmọ mi kò rán mi níṣẹ́, kò sì mọ̀ sí i. Bí ìtìjú kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, èmi ni kí ẹ gbé e lé lórí. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò ní wúwo.»

Èrò mi ni pé ó dára. N kò kọ nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń kọ ìwé ìṣìpẹ̀ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ nítorí òrùlé kíláàsì. Màmá rẹ ní kí n ka ìlà tó sọ pé mo sùn lọ lórí àga. Mo kà á fún un. Ó ní ìyẹn nìkan ló jẹ́ òtítọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ, ó ti ìlẹ̀kùn.

Fún un. Má rò ó.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ kú ìrètí. Mo ní ìròyìn púpọ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ kà á dópin kí ẹ tó bínú.

N kò fún un.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo ká a sínú àpòòwé, mo gbé e lọ sọ́fíìsì. Mo jókòó sí tábìlì mi, mo tún un kà. Bàbá, mo ti gbé pẹ̀lú yín. Mo mọ ìgbà tí ẹ ń sùn lórí àga, mo sì mọ ìgbà tí ẹ ń díbọ́n pé ẹ ń sùn kí Màmá má baà rán yín níṣẹ́. Ẹ kò tíì ka ohun tí kò yé yín rí kí ẹ dákẹ́ nípa rẹ̀. Ẹ máa ń jà pẹ̀lú rẹ̀ ni. Mo ro ti ẹni tí n kò mọ̀ rí tí yóò mú ìwé yẹn dání, tí yóò ní ẹ̀n-ẹ́n, arúgbó kan báyìí ni. Ó sú mi.

Ni mo bá fi àpòòwé náà sínú àpò mi, mo wọlé tọ Aríran lọ. Mo sọ fún un pé ìwé kankan kò ní wá láti ilé wa. Mo ní bàbá mi kì í ka ohun tí kò yé wọn. Mo ní gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn, bó sì ṣe rí ni mo ṣe sọ ọ́. Pé ẹ̀rọ dákẹ́, pé èmi àti Kò-Séwu la gbé fóònù, pé mo sunkún. Bí orúkọ mi yóò bá wà lórí ìtàn náà, èyí gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí kò bá ní í sí nínú rẹ̀, kí ó yọ orúkọ mi. Mo fara ti ògiri kí n tó sọ ọ́ tán. Èyí tó burú jù ni pé mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí nínú ọkọ̀, mo sì gbàgbé apá tó dùn jù.

Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó wo nǹkan kan níbẹ̀, ó tún un tì. Ó wá bi mí pé: «Ó dá ọ lójú pé bàbá rẹ mọ ohun tó ń kà?»

Mo ní: «Bí ó ṣe dá mi lójú pé mo dúró síbí.»

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ikọ́ ni. Bàbá, ẹ̀rín ni ọkùnrin náà ń rín. N kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, n kò sì dúró béèrè.

Ibi tí ó parí sí nìyí. Wọ́n gba ìtàn lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún ọmọkùnrin kan nínú àwọn tó ń polówó ọjà. Ìwé náà ti jáde. Òkè wà níbẹ̀, àwọsánmà sì sọ̀rọ̀ gan-an, ó tilẹ̀ sọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ ti di gbólóhùn kan: «Ní àárín ìrìn-àjò wa, a kojú ẹ̀kọ́ díẹ̀.» Orúkọ mi kò sí níbì kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ti gbé tábìlì mi lọ sí ìsàlẹ̀ ilé. Aríran ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti mọ àléébù iléeṣẹ́ sọ tó báyìí, ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá tún dákẹ́, èmi ni n ó máa kọ̀wé sí àwọn oníbàárà láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n sì sọ ọ́ bó ṣe rí. N kò mọ̀ bóyá ìjìyà ni tàbí ìgbéga. Owó rẹ̀ kò lé, kò dín.

Ó fọwọ́ sí ìwé ìgbélùú mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ń retí; ọdún kan ló fún mi. Ọdún kan náà jẹ́ ọdún.

Àpòòwé yín wà lọ́dọ̀ mi. N kò ní fà á ya, n kò sì ní fi han ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ kò tẹ́ lójú ẹnikẹ́ni níbí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

O kú akin. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo fún Màmá rẹ, òun náà kà á, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tó padà wọlé, kò jókòó. Ó ní: «Sọ fún un.»

Mo ní kí a jẹ́ kó di ọ̀la. Ó tún un sọ.

Ọmọ mi, olùkọ́ kì í kọ ìwé ẹyọ kan. Bí mo bá kọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, mo máa ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn, kí akọ̀wé kan má baà jókòó lé e. Lọ́jọ́ tí mo fi ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ọ, mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Aríran. Àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Mo mọ irú ẹni tí mo bí. Mo fura pé o lè má fún un, mo sì ń wo ìparí oṣù tó ń sún mọ́ wa. Ó fèsì lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ti gbà á, òun ti tẹ̀ ẹ́ jáde, òun dúpẹ́. N kò sọ fún ọ. Mo rò pé kò ní sí ìdí tí o fi ní láti mọ̀.

Nítorí náà, ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn kò ṣòro láti mọ̀. Ìgbà tí o fara ti ògiri, tí o ń sọ pé bàbá rẹ kì í ka ohun tí kò yé e, ìwé tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ sí pé kò yé òun wà láàárín ìwọ àti ọkùnrin náà. Ó lè gbé e síta kí ó fi dójú tì ọ́. Ó tì í padà. Mo ti sọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ọkùnrin yẹn, mo sì fi pupa kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. N kò yọ ọ̀kan nínú rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n n ó fi èyí kún un.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Mo bú u pé ó kọ ìtàn èké kí ayé lè fojú ńlá wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo kọ ìtàn èké kí ayé lè fojú kékeré wò mí, mo sì ń yangàn pé tèmi ni gbólóhùn rẹ̀ gún jù.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá tún délẹ̀ láàárín ìwọ àti rẹ̀, má gbèjà mi mọ́. Sọ fún un pé lóòótọ́, ẹnì kan láti ilé wa parọ́ fún un, àti pé kì í ṣe ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Màmá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun mọ ẹni tí o fi akin yẹn jọ, kí n má sì wulẹ̀ díbọ́n pé èmi ni.

Bàbá rẹ.